Ọ̀dọ̀ ìyá àbíkú ni àbá ọjọ́ àyípo ti ṣẹ̀

Bí ẹ bá bi àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo fíìmù lórí fóònù ní Kétu, Pobẹ̀ tàbí Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin pé níbo ni àbá nípa ẹni tó há sínú ọjọ́ kan ṣoṣo ti bẹ̀rẹ̀, ọdún 1993 ni wọ́n máa dárúkọ. Ọdún yẹn ni fíìmù Groundhog Day jáde, èyí tí àwa tí à ń gbọ́ Faransé mọ̀ sí Un jour sans fin. Phil, ọkùnrin tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí lórí tẹlifíṣọ̀n, jí ní ọjọ́ 2 oṣù Èrèlé. Ó sùn, ó jí, ọjọ́ 2 oṣù Èrèlé náà ló tún bá. Fíìmù náà ò sọ ìdí rẹ̀ fún un, kò sì sọ ọ́ fún àwa òǹwòran. Láti ìgbà náà ni àwọn olólùfẹ́ fíìmù ti ń dá àbá: ta ló so ó mọ́ ọjọ́ yẹn, ọdún mélòó ló lò níbẹ̀, kí ló sì tú u sílẹ̀?

Èmi ò gbà pé 1993 ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ sinimá ni àwọn ìyá wa ní Kétu ti ń bi ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, orí ọmọ àbíkú ni wọ́n sì ti ń bi wọ́n.

Ọ̀rọ̀ àbíkú kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sáré sọ kọjá. Ọmọ dé, ó rẹwà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ku díẹ̀ kó rìn, ó kú. Ìyá tún lóyún, ó tún bí. Ojú kan náà ni, ẹ̀rín kan náà ni, ìgbà tó sì tó àkókò tí ti ìṣáájú lọ, òun náà lọ. Ọmọ ni gbogbo ayé máa ń wò. Ṣùgbọ́n ta ló há gan-an? Ọmọ ń lọ, ó ń bọ̀ bó ṣe wù ú, ó sì ní ẹgbẹ́ lọ́run tó ń dúró dè é. Ìyá ni kò kúrò lójú kan. Òun ló ń gbé oyún kan náà, òun ló ń ṣe ìkómọ kan náà, òun ló ń sunkún òkú kan náà. Àwọn ará ilé á ní, "Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò," wọ́n á sì gbàgbé. Òun ò gbàgbé. Ẹni tó rántí láàárín àwọn tí kò rántí, kí tún ni Phil bí kò ṣe ìyẹn?

Ìyá náà kì í sì í kàn máa sunkún. Ibi tí àbá ti wọlé nìyí. Ó á lọ sọ́dọ̀ babaláwo, wọ́n á jọ rò ó: ṣé ọmọ méjì ló kú ni, àbí ẹnì kan ṣoṣo tó ń padà wá? Wọn ò fi mọ sí ẹnu, wọ́n wá ọ̀nà láti mọ̀. Bí ọmọ bá kú, wọ́n á fi abẹ gé etí òkú rẹ̀ díẹ̀, tàbí kí wọ́n gé orí ọmọ-ìka ẹsẹ̀, tàbí kí wọ́n fi iná jó o lẹ́yìn kí wọ́n tó gbé e lọ. Nígbà tí oyún mìíràn bá sọ̀, etí ni ojú agbẹ̀bí kọ́kọ́ ń lọ, kó tó wò bóyá akọ ni tàbí abo. Bí etí bá ní àlàfo níbi tí abẹ ti kọjá, àríyànjiyàn parí. Àwọn tó ń dá àbá lórí fíìmù lónìí náà ń wá irú àpá bẹ́ẹ̀: ohun kan tó gba ìyípo kan kọjá sínú èkejì tí kò yí padà.

Ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Babaláwo á ní àbíkú ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ mulẹ̀, ó ti dá ọjọ́. Òmíràn ní ọjọ́ tí eyín òun bá yọ lòun ń lọ, òmíràn ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Wọ́n á wá ohun tí ó fi pamọ́, bí wọ́n bá sì rí i, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á se ẹ̀wà, wọ́n á kó ìrèké àti àádùn jọ, wọ́n á pe àwọn ọmọdé àdúgbò wá jẹ ẹ́ kí inú ẹgbẹ́ lè rọ̀. Wọ́n á so ṣaworo mọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀ kí ìró irin máa lé àwọn tó ń pè é. Wọ́n á wá fún un lórúkọ, ẹ sì wo bí àwọn orúkọ wọ̀nyí ṣe ń bá ara wọn jiyàn lórí ohun tó máa já ìyípo náà. Dúrójayé àti Bánjókòó gbà pé ẹ̀bẹ̀ ni. Málọmọ́ gbà pé àṣẹ ni. Kòsọ́kọ́ ń dẹ́rù bà á pé ọkọ́ tí a fi ń gbẹ́ ilẹ̀ ti tán. Igbókọ̀yí ní igbó tí à ń sọ òkú àbíkú sí ò gba èyí mọ́. Ajá gbà pé èébú ló máa mú ẹgbẹ́ kórìíra rẹ̀. Bí ilé kan bá fi ẹ̀bẹ̀ gbìyànjú tí kò ṣiṣẹ́, ti èébú ló kàn.

Ẹnì kan lè ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló ní àbíkú, kí ló dé tí mo fi ń gbé e wá sí Kétu? Mo ní ìdí. Ọ̀dọ̀ wa ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti wá, ìyẹn tí UNESCO kéde ní 2001 tí wọ́n sì kọ sínú ìwé ohun ìjogún aráyé ní 2008. Nínú ìtàn kan tí wọ́n máa ń sọ nípa ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Yewájọbí ò rọ́mọ bí, ó lọ sí ìdí Ifá, Ifá ní kó rúbọ, kó gbé ère igi lérí, kó so irin mọ́ ẹsẹ̀, kó sì jó. Ó ṣe é, ó bí Ẹ̀fẹ̀ àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ìyá tó ń wá ọmọ, irin tó ń dún lẹ́sẹ̀: ẹ̀wo ló tún kù? Lójú tèmi, ìmọ̀ kan náà ni irin ẹsẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti ṣaworo ẹsẹ̀ àbíkú, ọwọ́ àwọn ìyá ni wọ́n sì ti jáde.

Mo tún gbà pé ó ti pẹ́ ju bí a ṣe rò lọ. Ìtàn ìlú wa ní kí ọba Ẹdẹ tó kó àwọn èèyàn rẹ̀ dé Kétu, ìran rẹ̀ ti kúrò ní Ifẹ̀, wọ́n ti gbé Òkè Ọyán, wọ́n ti gbé Arò. Ẹ fojú inú wo obìnrin kan nínú ìrìn yẹn. Ó sin ọmọ sí Òkè Ọyán, wọ́n ní ilé ni kò dára. Wọ́n ṣí lọ sí Arò, ọmọ elétí gígé kan náà ló tún bí. Àwọn tó ń gbé ojú kan kò lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ ló ń pa ọmọ tàbí ọmọ ló ń pa ara rẹ̀. Àwọn tó ń ṣí kiri ni ẹ̀rí máa kọ́kọ́ yé pé ẹnì kan náà ló ń tẹ̀ lé wọn. Èyí ló jẹ́ kí n máa wò ó pé lójú ọ̀nà láti Ifẹ̀ sí Kétu ni àbá yìí ti gbó, tó sì wọ ìlú pẹ̀lú Ẹdẹ.

Nígbà tí Dáhómẹ̀ ń bá wa jagun, ọ̀pọ̀ ará Kétu bá ọkọ̀ ẹrú dé Bahia ní Brazil. Wọ́n ń pe ẹ̀ka kan nínú Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà àwọn ará ibẹ̀, ní Ketu títí dòní, ilé òrìṣà kan ní Salvador ń jẹ́ Alaketu, ìtàn ilé náà sì ní ọmọbìnrin ìdílé ọba Arò ní Kétu ló dá a sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ abikú ṣì wà lẹ́nu wọn. Àwọn Fọ̀n àti Ègùn tó yí wa ká náà ń pè é ní àbíkú, wọn ò wá orúkọ mìíràn fún un. Ní 1886, Dáhómẹ̀ fọ́ Kétu, wọ́n kó èèyàn lọ sí Àbọ̀mẹ̀. Nígbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dáhómẹ̀ tán, àwọn tó kù padà wá tún ìlú kọ́, ẹnubodè Àkàbà Ìdènà sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó.

Àwọn kan á dárúkọ Nietzsche, ará Jámánì, tó kọ ọ́ ní 1882 pé kí èèyàn rò ó wò bí ẹ̀mí àìrí kan bá ní gbogbo ayé rẹ̀ á máa padà wá láìlópin. Ṣùgbọ́n nínú tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbé ìrántí ìyípo kan wọnú èkejì, kò sì sí ọ̀nà àbájáde. Níbi tí kò bá sí ìrántí, kò sí ẹni tó máa dá àbá. Àwọn ará Íńdíà ń sọ̀rọ̀ àtúnwá, àmọ́ ayé mìíràn ni onítọ̀hún ń wá, kì í ṣe ọ̀kan náà. Àwọn Igbo ní ọgbáńjé, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sì ni òun àti àbíkú, n kò ní bá wọn jà.

Ti ìgbà tiwa yìí ò nílò àlàyé púpọ̀. Malcolm Jameson kọ ìtàn kan lórí ọjọ́ tó ń padà ní 1941, Richard Lupoff kọ ti wákàtí kan tó ń yí ní 1973, kí Danny Rubin àti Harold Ramis tó ṣe fíìmù 1993. Iléeṣẹ́ fíìmù fẹ́ kí wọ́n sọ ohun tó fa ìyípo náà, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé eré pé obìnrin tí Phil já sílẹ̀ ló fi oògùn dè é, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ọ́ kúrò. Àyè tó ṣófo yẹn ni àbá àwọn òǹwòran kún. Ramis fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ ní nǹkan bí ọdún 10 ni Phil lò níbẹ̀, nígbà tó yá ó ní ó máa tó 30 sí 40. Ìyá àgbà wa, tí Faransé ò fi bẹ́ẹ̀ yé, jókòó tì wá nígbà tí a ń wò ó ní Kétu. Bí rédíò ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì Phil ṣe tún kọ orin àárọ̀ yẹn, ó ní, "Ẹ bi í, kí ló bá wọn mulẹ̀ lé lórí?" A ní, "Ìyá àgbà, fíìmù ni." Ó ní, "Mo mọ̀. Ẹ ṣáà bi í." Nínú gbogbo àbá tí mo ti kà lórí fíìmù yẹn, n kò tíì rí èyí tó jinlẹ̀ tó ìbéèrè rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, eré àwọn ará Japan tó jáde ní 2009 tún ọ̀sẹ̀ méjì kan náà ṣe nígbà 15,532, wọ́n sì fi ìtàn kan ṣoṣo yẹn han òǹwòran lẹ́ẹ̀mẹjọ. Géèmù àti fíìmù irú rẹ̀ ti wá pọ̀ gan-an. Ohun tí àwọn olólùfẹ́ fíìmù ṣì ń jà lé lórí jù ni bóyá Phil bọ́ lóòótọ́ nígbà tó jí ní ọjọ́ 3 oṣù Èrèlé, àbí ìyípo gígùn mìíràn ló wọ̀. Àwọn ìyá wa ti dáhùn èyí náà. Bí ọmọ bá kọjá ọjọ́ tó dá, wọn kì í tú ṣaworo lọ́jọ́ kejì. Ó á wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi kọjá ọjọ́ orí tí èyí tó pẹ́ jù nínú àwọn ti ìṣáájú fi lọ, kí wọ́n tó máa pè é ní Kòkúmọ́ láìbẹ̀rù.