Ẹni tó ni kọ́ńpìnnì kọ́ ló ni ojú ìwé rẹ̀ ní Wikipedia

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọ̀rọ̀ kan wà tó ti sú mi í gbọ́: "Mo ti forúkọ kọ́ńpìnnì mi sílẹ̀, ó ku kí n gbé e sórí Wikipedia." Ẹni tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ ní Sábó ń sọ ọ́. Ẹni tó ń ra kaṣú jọ fún àwọn tó ń kó o lọ sókè òkun ń sọ ọ́. Àwọn ọmọ LAUTECH tó dá iṣẹ́ ápù sílẹ̀ ní Under G, tó yẹ kó yé jù wá lọ, àwọn gan-an ni ẹnu wọn le jù. Wọ́n á na ìwé CAC síta (àjọ tó ń forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀ ní Àbújá ni mò ń wí o, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì) bí ẹni pé òun ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn.

Pé Wikipedia, ìwé ìmọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn, kì í ṣe pátákó ìpolówó, mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò ẹnikẹ́ni. Láti January 2001 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan síbẹ̀, òótọ́ sì ni. Ohun tí àwọn èèyàn wa gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni lè kọ nípa ara rẹ̀. Ìyẹn kọ́ ni wọ́n sọ.

Ibi tó ti máa ń dojú rú ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ síbẹ̀, torí mi ò tíì rí ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ tó gbà. Àwọn olóòtú Wikipedia kì í béèrè bóyá kọ́ńpìnnì yín wà lóòótọ́, wọn kì í sì í béèrè bóyá ọjà yín dára. Ìbéèrè wọn ni pé: ta ni ẹni tí kì í ṣe yín, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín, tí ẹ ò sì bẹ̀ lọ́wẹ̀, tó jókòó kọ̀wé tó gùn nípa yín, nínú ìwé ìròyìn tàbí ìwé tó ní olóòtú tó ń yẹ iṣẹ́ wò? Ẹni kan ṣoṣo kò tó. Ìwé CAC kò dáhùn ìbéèrè yẹn. Ojú ìwé Facebook yín kò dáhùn ẹ̀. Àwo ẹ̀yẹ tí ẹ rà tábìlì kí wọ́n tó gbé e fún yín, ká má tiẹ̀ dárúkọ ìyẹn.

Wọ́n á ní, "Ìwé ìròyìn mà gbé wa jáde!" Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ka ìròyìn náà. Ọ̀gá kọ́ńpìnnì ló ń sọ̀rọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀: "ó ní," "ó tún ní," "ó fi kún un pé." Ẹnu yín náà ni, akọ̀ròyìn kàn bá yín tẹ̀ ẹ́ ni. Òfin wọn lórí kọ́ńpìnnì le ju ti àwọn nǹkan mìíràn lọ: wọn kì í ka ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pẹ̀lú ọ̀gá kún ẹ̀rí, wọn kì í ka àtẹ̀jáde tí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn oníròyìn, wọn kì í sì í ka ìròyìn pé ẹ ṣí ẹ̀ka tuntun tàbí pé ẹnìkan dówó lé yín. Bí ìwé ìròyìn mẹ́fà bá tẹ ọ̀rọ̀ kan náà láìyí kọ́mà padà, ẹyọ kan ni. Wákàtí tí ẹ sì rà lórí rédíò, ẹ̀yin lẹ ni ín. Gbogbo wa la mọ̀ pé onílù tó ń kì wá níbi ìnáwó mọ àpò tó ń wò, kò sì sẹ́ni tó máa pè é ní ẹlẹ́rìí ní kóòtù. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé bí akọ̀ròyìn bá ṣe bẹ́ẹ̀, a máa ní ẹ̀rí dé?

Mo gbà pé ibì kan wà tí òfin yìí ti rọ́ wa lápá. Oníṣẹ́ wà lápá Ọjà Jagun tí gbogbo ìlú mọ̀, tó ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ níṣẹ́, tí akọ̀ròyìn kankan kò sì yà lọ́dọ̀ rẹ̀ rí. Kò lè wọlé. Ohun tí ò dáa ni, ṣùgbọ́n kí onítọ̀hún fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ kò tún un ṣe.

Kì í ṣe pé wọ́n fòfin de oníkọ́ńpìnnì pátápátá. Wọ́n ní kó yáa jìnnà sí i ni. Ẹni tó bá ń gbowó fún un, títí kan òṣìṣẹ́ yín tó ń gbowó oṣù, gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀. Ó ti wà nínú òfin ìlò wọn láti 2014. Ẹ lè kọ ọ́ bí àkọpamọ́ (èyí tí kò tíì di àyọkà), kí ẹlòmíì yẹ̀ ẹ́ wò. Bí àyọkà bá ti wà nílẹ̀, ẹ béèrè àtúnṣe ní ojú ìwé ìjíròrò rẹ̀. Jimmy Wales pàápàá, tó wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, lọ tún ojú ìwé tirẹ̀ kọ ní 2005. Wọ́n rí i, ó di ariwo, òun náà sì ní kò dáa. Gbogbo àtúnṣe ló ń fi ọjọ́ àti orúkọ àkáǹtì sílẹ̀.

Bó bá sì wọlé ńkọ́? Kì í ṣe tiyín mọ́. Bí ìwé ìròyìn bá gbé ẹjọ́ yín jáde lọ́dún tó ń bọ̀, ó lè wọbẹ̀, ẹ ò sì ní lè ní kí wọ́n yọ ọ́ torí pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ní torí Google ni, láti 2007 ni wọ́n ti ń fi àmì sí líǹkì tó jáde láti ibẹ̀ kí Google má bàa gbé olúwa rẹ̀ sókè tìtorí ẹ̀. Àpótí tó ní máàpù àti wákàtí tí ẹ ń ṣílẹ̀kùn, ti Google fúnra rẹ̀ ni, ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè ṣe é lónìí.

Wikipedia ti èdè Yorùbá ńkọ́? Àyọkà ibẹ̀ ju 30,000 lọ, àmọ́ ojú tó ń ṣọ́ ọ kéré. Mi ò lè búra pé wọ́n á yọ tiyín kíákíá. Ó lè pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Bóyá ìyẹn ló ń mú ká rò pé wọ́n gbà á.

Àwọn tó ń gbowó láti báni gbé e síbẹ̀ ló bà mí lẹ́rù jù. Àkọpamọ́ tí wọ́n kọ̀, gbangba ló wà, ẹni tó ń wá oníbàárà rí i. Ní 2015, Wikipedia dínà mọ́ àkáǹtì 381 tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ kan tó ń wá irú àkọpamọ́ bẹ́ẹ̀ kiri. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ á pe oníkọ́ńpìnnì, wọ́n á gbowó láti gbé e wọlé, wọ́n á tún máa béèrè owó oṣooṣù kí ẹnikẹ́ni má bàa pa á rẹ́. Kò sí owó kankan tí Wikipedia ń gbà fún irú ẹ̀. Bí ẹnìkan bá dá iye lé e fún yín lórí WhatsApp, ẹ ní kó fi orúkọ àkáǹtì rẹ̀ hàn yín, àti ibi tó ti kéde níbẹ̀ pé òun ń gbowó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà.