Dẹ́ltà: odò ni àbí lẹ́tà?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Kàbà ló gbé iṣẹ́ àṣetiléwá jọ́gíráfì rẹ̀ wá bá mi. Ohun tó bi mí àti èsì mi rèé.

Bọ̀dá, kí ni dẹ́ltà gan-an?

Lẹ́tà ni, kó tó di odò. Òun ló ṣìkẹrin nínú álífábẹ́ẹ̀tì àwọn Gíríìkì, onígun mẹ́ta ni wọ́n sì ń kọ ọ́: Δ. Ọwọ́ àwọn ará Fòníṣíà ni wọ́n ti gbà á, lọ́dọ̀ àwọn yẹn, "ilẹ̀kùn" ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn Gíríìkì rí bí ilẹ̀ ẹnu odò Náílì ṣe rí ní Íjíbítì, wọ́n pè é ní Dẹ́ltà. Orúkọ náà ti wà nínú ìwé Herodotus, òpìtàn Gíríìkì, ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Jésù.

Ṣé Lọ́kọ́ja náà kì í ṣe dẹ́ltà ni?

Rárá o! Àwọn àgbà pàápàá ń ṣi èyí sọ. Ọya àti Bẹ́núé pàdé ní Lọ́kọ́ja, wọ́n di ọ̀kan. Ní dẹ́ltà, ẹyọ odò kan ló ń túká. Odò a máa ru ẹrẹ̀ àti iyanrìn bọ̀ látòkè. Tó bá sún mọ́ òkun, tí ilẹ̀ tẹ́jú, eré rẹ̀ á dẹ̀, á sọ ẹrù náà kalẹ̀. Ẹrẹ̀ á dí i lọ́nà, omi á wá ibòmíràn gbà, á sì máa ya bí ìka ọwọ́. Ẹ̀yìn tí Ọya bá kọjá ìlú Aboh ló ń pín sí odò Nun àti odò Forcados.

Èyí tó wù mí jù: àríwá ni Náílì ń ṣàn sí, nítorí náà, lórí máàpù, ṣe ni Δ tirẹ̀ dorí kodò. Ti Ọya, tó ń ṣàn sí gúúsù, ló nàró ṣánṣán.

Ìpínlẹ̀ Dẹ́ltà ńkọ́?

Ìbejì wa ni! Ọjọ́ kan náà, 27 Oṣù Kẹjọ 1991, ni ìjọba Babangida dá òun àti Kogí sílẹ̀. "Odò" sì ni kogi lédè Haúsá.

Kòrónà tí wọ́n pè ní Dẹ́ltà lọ́dún 2021 ńkọ́?

Ìyẹn ò kan onígun mẹ́ta rárá. Lẹ́tà Gíríìkì ni wọ́n fi ń sọ oríṣiríṣi ẹ̀yà kòrónà lórúkọ ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, ó sì kan ẹ̀kẹrin. Àmọ́ iṣan èjìká tí nọ́ọ̀sì gún lábẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà náà, dẹ́ltà ló fi jórúkọ lẹ́nu àwọn dókítà. Fọwọ́ kàn án wò, wàá rí igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.