Kí ló dé tí yìnyín orí òkè fi ń pani nígbà tí oòrùn ti ń mú?

Ìbéèrè (láti Kàbbà): Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní Colorado, ní Amẹ́ríkà, fẹ́ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gun òkè nínú oṣù kẹrin. Ó ní òtútù ti ń lọ, pé yìnyín ò léwu mọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Kì í ṣòótọ́ rárá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ òtútù ni yìnyín (snow) ti ń lé ara wọn lórí níbẹ̀, ìpele kan le, òmíràn ò dì mọ́ra. Tí oòrùn bá yọ́ èyí tó wà lókè, omi á jò wọnú, á tú ohun tó so wọ́n pọ̀, gbogbo rẹ̀ á ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ga níwọ̀n digiri 30 sí 45 ló ti wọ́pọ̀ jù.

Ẹ bi í bí òru ṣe rí kó tó gbéra. Ẹ̀yin náà mọ bí Kàbbà ṣe máa ń tutù lóru ọyẹ́ tí ìkùukùu ò sí: ooru ilẹ̀ ló ń bá ojú ọ̀run lọ. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lórí òkè wọn. Tí ojú ọ̀run bá mọ́ lóru, yìnyín á tún dì, á ṣeé rìn láàárọ̀. Tí ìkùukùu bá bò ó mọ́jú, tí kò sì dì, kó jókòó sílé. A ò ní gba àwáwí kankan lórí èyí.

Ìbéèrè: Aago mélòó ni kó sọ̀ kalẹ̀?

Ìdáhùn: Oòrùn ni kó máa wò. Kó gbéra kílẹ̀ tó mọ́, kó sì ti kúrò kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn ló ń kọ́kọ́ rọ̀, gúúsù á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìwọ̀-oòrùn. Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń rì kọjá ọrùn ẹsẹ̀, tàbí tí ìṣù yìnyín ń yí bọ̀ látòkè, kó yà síbi tó tẹ́jú lójú ẹsẹ̀. Kó má dúró nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ o.

Ìbéèrè: Tó bá bò ó mọ́lẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Àwọn tí wọ́n jọ lọ ló lè gbà á. Ẹni tí wọ́n bá hú jáde láàárín ìṣẹ́jú 10 sábà máa ń yè; lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, díẹ̀ ló ń yè. Yìnyín tó ya á le gbagidi tó bá ti dúró, ọwọ́ lásán ò lè hú u. Nítorí náà, kí olúkúlùkù ní ẹ̀rọ tó ń ta àmì ibi tí èèyàn wà, kó tàn án kó sì so ó mọ́ àyà, jìnnà sí fóònù, torí fóònù máa ń da àmì náà rú. Kó tún ní ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń gún yìnyín wá èèyàn, àti ṣọ́bìrì. Kí wọ́n fi dánra wò kí wọ́n tó lọ.

Colorado Avalanche Information Center, àjọ tó ń kìlọ̀ nípa yìnyín tó ń ya lulẹ̀ níbẹ̀, ń kéde ìwọ̀n ewu, láti 1 tó kéré jù dé 5 tó ga jù. Kó má rò pé 3 ṣì dáa: níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kú.