Ewé Kì í Ka Wáàtì: Àlàyé Lórí Iná LED Tí A Fi Ń Gbin Nǹkan Sínú Ilé

Nínú oṣù Kejìlá, ojúmọ́ ìlú Lọ́ńdọ̀nù kì í ju nǹkan bíi wákàtí 8 lọ. Oòrùn tó bá yọ náà kì í gòkè, ẹ̀gbẹ́ ọ̀run ló ń rìn gbà, ìkùukùu ò sì ní í jẹ́ ká rí i. Ẹni tó bá ń wá ewédú tútù lásìkò bẹ́ẹ̀, àfi kó ra èyí tó wọ ọkọ̀ òfuurufú dé ọjà Peckham, tàbí kó gbìn ín sínú yàrá. Èmi gbìn ín. Mo to ike mẹ́fà sórí tábìlì, mo fọ́n irúgbìn sínú iyẹ̀pẹ̀, mo sì ra iná LED kan tí wọ́n kọ 1000 W gàdàgbà sára páálí rẹ̀, mo gbé e kọ́ òkè àjà. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ewédú náà ti ga sókè, igi rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ, wọ́n ń wó lu ara wọn. Mo wá fi ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn iná sára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Wáàtì 110 péré ni iná oní-1000 yìí ń jẹ.

Ohun tí wọ́n kọ sára páálí ni àròpọ̀ agbára tí gbogbo hóró LED inú rẹ̀ ì bá gbé ká ní wọ́n tan wọ́n dé góńgó, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń tan wọ́n débẹ̀, nítorí wọn ò ní pẹ́ jóná. Àmọ́ ká tiẹ̀ ní òótọ́ ni wọ́n kọ, wáàtì ò lè dáhùn ìbéèrè àgbẹ̀. Iye iná tí gúlóòbù ń jẹ ló ń sọ, kò sọ iye ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sára ewé. Lumen tí wọ́n ń kọ sára gúlóòbù pálọ̀ náà kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Ojú èèyàn ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n lumen. Àwọ̀ ewé tó fara pẹ́ yẹ́lò ni ojú wa ń rí jù lọ, òun ni lumen sì ń kà sí jù. Ìmọ́lẹ̀ pupa àti ti àwọ̀ aró, díẹ̀ ló ń kà wọ́n sí. Iná tí ojú wa bá rí bí ẹni pé ó ṣe bàìbàì lè jẹ́ àsè ńlá fún ewé.

Hóró hóró ni ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀. Hóró kan ni wọ́n ń pè ní fótọ́ọ̀nù. Ewé ń gbá a mú, agbára tó bá rí nínú rẹ̀ ló ń fi sọ omi àti afẹ́fẹ́ carbon dioxide di súgà. Kì í ṣe gbogbo fótọ́ọ̀nù ló wúlò fún un bẹ́ẹ̀: àwọn tí gígùn ìgbì wọn wà láàárín nanometer 400 sí 700 ni (nanometer ni mítà kan tí a pín sọ́nà bílíọ̀nù), láti àwọ̀ aró títí dé pupa. Ìmọ́lẹ̀ inú ààlà yìí ni wọ́n ń pè ní PAR.

Kò sẹ́ni tó lè ka fótọ́ọ̀nù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí kò ṣe sẹ́ni tó ń ka hóró gàrí lọ́jà. Kóńgò la fi ń wọn gàrí. Kóńgò ti fótọ́ọ̀nù ń jẹ́ mol, ó sì tóbi kọjá sísọ. Tí a bá pín mol kan sọ́nà mílíọ̀nù, ìdá kan nínú rẹ̀ ni µmol tí ẹ máa ń rí lára ìwé iná àgbẹ̀.

Orúkọ mẹ́ta ló kù, ìkejì àti ìkẹta ló sì ṣe pàtàkì jù. PPF ni iye µmol tí iná tú jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ibi yòówù kó bọ́ sí, ì báà jẹ́ ara ògiri. PPFD ni iye tó bọ́ sórí ibi tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú àti lóròó, ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. DLI ni gbogbo èyí tí ibẹ̀ gbà láàárọ̀ títí dalẹ́. Ẹ ronú nípa òjò. Ẹ gbé garawa sábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀. Bí ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ ṣe ń dà tó lójú ẹ nísinsìnyí ni PPFD. Ibi tí omi dé nínú garawa nígbà tí òjò dá ni DLI. Ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ tó rọra ń dà fún ìgbà pípẹ́ lè kún garawa ju èyí tó dà yàà fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ìṣirò rẹ̀ ò le. Ẹ fi PPFD sọdipúpọ̀ iye wákàtí, ẹ fi 3,600, iye ìṣẹ́jú àáyá inú wákàtí kan, sọ ọ́ dipúpọ̀, kí ẹ wá fi mílíọ̀nù kan pín in kó lè di mol. Oníoko kan tí mo mọ̀ yá mi ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn PPFD. Níbi tí mo gbé iná kọ́, ní mítà kan sókè orí ewé, 60 µmol ló ń dé abẹ́ rẹ̀. Wákàtí 12 ni mò ń tàn án lójúmọ́, DLI rẹ̀ kò ju mol 2.6 lọ. Ebi ló ń pa ewédú mi! Ẹ̀fọ́ létíùsì ń fẹ́ tó mol 12 sí 17 lójúmọ́. Ata àti tòmátì tí yóò so ń fẹ́ 20 sí 30. Gíga tí wọ́n ga yẹn, wọ́n ń wá ìmọ́lẹ̀ kiri ni.

Mi ò ra iná mìíràn. Mo sọ èyí tó wà nílẹ̀ kalẹ̀ sí sẹ̀ǹtímítà 45 sórí ewé, ó di 240 µmol. Mo fi wákàtí 3 kún un, DLI di nǹkan bíi 13. Ìdí tí sísọ̀kalẹ̀ fi lágbára báyìí ni pé bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń jìnnà sí gúlóòbù ló ṣe ń fẹ̀, fótọ́ọ̀nù kan náà tó bo ibi kékeré yóò wá tú ká sí ibi ńlá. Fún gúlóòbù kékeré, tí ẹ bá sọ jíjìnnà rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa kù fún ewé. Àmọ́ ẹ má sún un mọ́ ewé jù. Tí ewé òkè bá bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, tí etí rẹ̀ ń ká sókè, iná ti pọ̀ jù fún un. Kí ẹ sì máa yí ike padà, torí ìmọ́lẹ̀ kì í dọ́gba láàárín àti létí tábìlì.

Àwọ̀ wá ńkọ́? Ẹ ti rí àwọn iná tó ń tàn bí elésè àlùkò. Pupa àti aró nìkan ló wà nínú wọn, nítorí àwọ̀ méjèèjì yìí ni ohun tó ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀ máa ń gbà jù. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbà pé ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé ò wúlò. Irọ́ ni. Lọ́dún 1972, Keith McCree, onímọ̀ kan ní yunifásítì Texas A&M, tẹ ìwádìí jáde tó fi hàn pé ewé ń lo àwọ̀ ewé náà dáadáa; ó tiẹ̀ máa ń wọlé dé ìsàlẹ̀ ewé àti abẹ́ ẹ̀ka ju pupa lọ. Aró ní tirẹ̀ kì í jẹ́ kí igi gùn jàgàjàgà. Nínú ISS, ibùdó tó ń yí ayé po lójú sánmà, níbi tí àwọn arìnrìn-àjò ojú sánmà ti jẹ létíùsì tí wọ́n gbìn lábẹ́ LED ní oṣù Kẹjọ ọdún 2015, NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìrìn àjò ojú sánmà, fi LED aláwọ̀ ewé kún pupa àti aró, kí oúnjẹ lè jọ oúnjẹ lójú ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́.

Iná funfun lèmi fara mọ́. LED aláwọ̀ aró tí wọ́n fi ọ̀dà yẹ́lò kùn lórí ni; LED aláwọ̀ aró yẹn sì ni iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta, Akasaki, Amano àti Nakamura, fi gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2014. Lábẹ́ rẹ̀, mo máa ń tètè rí ewé tó ń pọ́n àti kòkòrò tó bà sábẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ iná elésè àlùkò, gbogbo ewé ló ń dúdú lójú.

Tí ẹ bá fẹ́ ra tiyín, ẹ wo µmol/J, iye fótọ́ọ̀nù tí iná ń mú jáde nínú joule (J) kọ̀ọ̀kan tó ń jẹ; wáàtì kan ni joule kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. LED tó dára máa ń ju 2.5 lọ, iná sódíọ̀mù oníyẹ́lò tí àwọn àgbẹ̀ Netherlands ti ń tàn sínú ilé onígíláàsì tipẹ́ máa ń wà nítòsí 1.8. Èyí tó kù ń di ooru. Ooru yẹn ń ran àgbẹ̀ Netherlands lọ́wọ́ lọ́jọ́ òtútù, nítorí náà ẹni tó bá pààrọ̀ rẹ̀ sí LED ní láti wá ọ̀nà mìíràn mú ilé móoru. Tèmi ń jẹ wáàtì 110 fún wákàtí 15. Tí kílówáàtì wákàtí kan bá jẹ́ pẹ́ńsì 25, ó lé díẹ̀ ní pọ́n-ùn 12 lóṣù.

Àwọn ará ilé máa ń bi mí bóyá kí wọ́n rà á sínú grinháòsì wọn ní Ìbàdàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Oòrùn ọ̀sán gangan máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000 µmol lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run mọ́, iná èmi nìyẹn ní ìlọ́po mẹ́jọ. Ooru ló ń pa tòmátì nínú grinháòsì níbẹ̀. Ẹ fi owó náà ra nẹ́ẹ̀tì tó ń ṣíji boni, kí ẹ sì ṣí ojú afẹ́fẹ́ sí i. Inú yàrá tí oòrùn ò dé nìkan ni LED ti níṣẹ́ ṣe níbẹ̀.

Ohun kan ṣì kù nípa wákàtí. Òkùnkùn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: tòmátì tí ẹ bá tan iná fún tọ̀sán tòru, ewé rẹ̀ yóò pọ́n, yóò sì bàjẹ́. Ewédú ní tirẹ̀ máa ń ka bí òru ṣe gùn tó, òru gígùn ló sì ń mú un yọ òdòdó. Mo fi ike kan sílẹ̀ lábẹ́ wákàtí 12 kí n lè rí i lójú ara mi. Kò tíì ga ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ tó fi yọ òdòdó yẹ́lò, ewé rẹ̀ sì dúró síbẹ̀. Àwọn ike márùn-ún tó wà ní wákàtí 15 kò yọ òdòdó kankan. Mo ti já wọn lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì ń pẹ̀ka síbẹ̀.