Irin eléyín kan níwájú, ọ́ílì nínú bíréèkì

Ilẹ̀ pupa Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, kì í jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ sinmi. Lásìkò ọyẹ́, eruku rẹ̀ kúnná bí èlùbọ́, kò sí ihò tí kì í wọ̀. Bí òjò bá rọ̀, ó di ẹrẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ irin bí ọkà ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kẹ̀kẹ́ gravel fún: ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ bíi ti kẹ̀kẹ́ eré ìje, ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ fẹ̀, ó sábà máa ń tó mìlímítà 40.

Lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́, irin eléyín méjì ló wà níbi pẹ́dà, irin kékeré kan á sì máa ti ṣéènì láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Ibi tí irin kékeré yẹn wà gan-an ni ẹrẹ̀ ti ń gbá jọ. Bí irin eléyín bá jẹ́ ẹyọ kan, ohun tó ń ti ṣéènì lọ, wáyà rẹ̀ náà lọ. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ń pààrọ̀ jíà, lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. SRAM, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ohun èlò kẹ̀kẹ́, gbé irú rẹ̀ jáde fún kẹ̀kẹ́ orí òkè ní 2012. Nígbà tí Shimano, ilé-iṣẹ́ mìíràn, gbé àkójọ ohun èlò tó ń jẹ́ GRX jáde fún gravel ní 2019, ti ẹyọ kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ti méjì.

Kí ni kì í jẹ́ kí ṣéènì yẹ̀? Ojú ṣéènì kan máa ń fẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á há. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe gé eyín irin iwájú: ọ̀kan nípọn, ọ̀kan tín-ín-rín, kálukú ń wọ ojú tó bá a mu. Ìdí nìyẹn tí iye eyín rẹ̀ fi máa ń ṣeé pín sí méjì: 38, 40, 42, kò ní jẹ́ 39. Apá tó ń fa ṣéènì lẹ́yìn sì ní ìjánu tirẹ̀, tí kì í jẹ́ kó máa fì bí ọ̀nà bá ń gbọ̀n.

Ká ní eyín 40 ló wà níwájú, tí ti ẹ̀yìn lọ láti 11 dé 42. Bí pẹ́dà bá yí lẹ́ẹ̀kan lórí jíà tó fúyẹ́ jù, kẹ̀kẹ́ á rìn tó mítà 2. Lórí èyí tó le jù, mítà 8. Ìyẹn tó fún ọ̀nà oko. Ẹni tó bá ń lọ sáàárín àwọn àpáta Ṣábẹ lè mú 38. Àlàfo láti jíà kan sí èkejì ló tóbi díẹ̀. Lórí ọ̀nà ọlọ́dà, ẹsẹ̀ á mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ bíréèkì ló gba àròjinlẹ̀. Nínú bíréèkì dísìkì, páàdì méjì ló ń fún irin pẹlẹbẹ tó ń bá táyà yí, ìyẹn dísìkì. Wáyà ló ń fa ti àwọn kan, ọ́ílì ló ń ti àwọn mìíràn. Ọ́ílì kò ṣeé fún pọ̀. Bí ìka bá fa bíréèkì, písítìnì kékeré kan á ti ọ́ílì, ọ́ílì á ti písítìnì tó tóbi jù ú lọ nísàlẹ̀, agbára á sì pọ̀ sí i. Ìka kan tó, èyí tó kù á di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Eruku kò ríbi wọlé bó ṣe ń wọ inú wáyà.

Ṣùgbọ́n ọ́ílì méjì ló wà. Ọ́ílì mineral ni Shimano ń lò. DOT, irú ọ́ílì bíréèkì tí mọ́tò ń lò, ni ọ̀pọ̀ bíréèkì SRAM fún irú kẹ̀kẹ́ yìí ń lò. Ẹni tó bá fi ọ̀kan dípò èkejì ti ba rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́ nìyẹn. DOT máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ó yẹ kéèyàn máa pààrọ̀ rẹ̀, ó sì ń bó ọ̀dà ara kẹ̀kẹ́. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹni tó ń ta ohun èlò mọ́tò àti alùpùpù lè ní DOT 4 nílé. DOT 5 yàtọ̀ pátápátá, kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Ti mineral, ó dára kéèyàn ti ra ìgò kan pa mọ́.

Bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú ọ́ílì, bíréèkì á rọ̀ bíi kànìnkànìn, abẹ́rẹ́ onírọ́bà ni wọ́n fi ń lé e jáde. Ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá ọ̀nà sábà máa ń ní wáyà, kò dájú pé ó ní abẹ́rẹ́. Nítorí náà, ẹni tí kò bá ní gbé abẹ́rẹ́ tirẹ̀ dání, bíréèkì dísìkì oníwáyà ló yẹ ẹ́. Bí wọ́n bá sì yọ táyà kí kẹ̀kẹ́ lè wọ ọkọ̀ Kútọnu, kí wọ́n ki páálí há àárín páàdì bíréèkì ọlọ́ọ́ílì, torí bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì fà á, páàdì méjèèjì á lẹ̀ pọ̀, dísìkì kò sì ní ríbi wọlé mọ́.