Kòkòrò Inú Ìfun àti Ìwọ̀n Ara: Oúnjẹ Ló Ń Ṣílẹ̀kùn

Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi nítorí ìwọ̀n ara kì í yé bi mí pé: "Dókítà, wọ́n ní kòkòrò inú ìfun ló ń mú èèyàn sanra. Ṣé kò sí èyí tí mo lè gbé mì kí ara mi fúyẹ́?" Ìbéèrè gidi ni, inú mi sì máa ń dùn tí wọ́n bá bi mí. Àmọ́ ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú ìgò oògùn.

Kòkòrò tí wọ́n ń sọ yìí kì í ṣe aràn; bakitéríà ni, ìyẹn ohun alààyè tíntín tí ojú lásán kò lè rí, ìfun ńlá ni wọ́n sì pọ̀ sí jù lọ lára wa. Àwọn onímọ̀ tó ṣírò rẹ̀ ní 2016 sọ pé wọ́n tó nǹkan bíi tírílíọ̀nù 38 lára àgbàlagbà ọkùnrin kan, bẹ́ẹ̀ tí a bá kó gbogbo wọn sórí òṣùwọ̀n, kò ní ju nǹkan bíi gíráàmù 200 lọ. Kí oúnjẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ìfun kékeré á ti fa èyí tó pọ̀ jù nínú ṣúgà, ọ̀rá àti púrótéènì rẹ̀. Fáíbà ló máa ń ṣẹ́ kù, ìyẹn ohun líle inú ewébẹ̀, èso, ẹ̀wà àti ọkà tí a kò bó, tí ara wa kò lè dà.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé hóró ẹ̀wà kan. Eyín lọ̀ ọ́, ìfun kékeré gba tirẹ̀, èèpo rẹ̀ àti díẹ̀ nínú sítáàṣì rẹ̀ ń bá ìrìn lọ. Bó ṣe dé ìfun ńlá ni bakitéríà bò ó, wọ́n sì mú un kan bí ìgbà tí a rẹ ọkà sómi. Afẹ́fẹ́ yọ níbẹ̀, òun ló ń mú kí inú máa kùn. Àwọn ásíìdì kan yọ pẹ̀lú, tí ọ̀kan nínú wọn, butyrate, jẹ́ oúnjẹ fún sẹ́ẹ̀lì ara ògiri ìfun ńlá. Àwọn ásíìdì yìí tún máa ń mú kí ìfun tu họ́mónù tó ń sọ fún ọpọlọ pé a ti yó. Tí fáíbà kò bá wá ńkọ́? Lára eku, a ti rí i pé bakitéríà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ikun tó bo ògiri ìfun.

Ní 2013, àwọn olùwádìí Washington University ní St. Louis, ní Amẹ́ríkà, gba ìgbẹ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin ìbejì tí ọ̀kan sanra jù, tí èkejì kò sanra. Wọ́n fi í sínú eku tí wọ́n tọ́ láìjẹ́ kí bakitéríà kankan kàn án. Eku tó gba ti ẹni tó sanra kó ọ̀rá sára ju èkejì lọ. Wọ́n wá kó irú eku méjèèjì sínú àgò kan. Eku a máa jẹ ìgbẹ́ ara wọn, bí bakitéríà eku tí kò sanra ṣe wọnú èkejì nìyẹn, tí ìyẹn kò sì kó ọ̀rá bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tí èso àti ewébẹ̀ pọ̀ nínú oúnjẹ wọn, tí ọ̀rá kéré, ló rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n yí i padà, tí ọ̀rá pọ̀, bakitéríà náà kò ríbi dúró sí.

Ẹ̀kọ́ inú àgò yẹn, pé oúnjẹ ló ń ṣílẹ̀kùn fún bakitéríà, ni mo máa ń tẹ̀ mọ́ àwọn tó gbé ìgò kápúsù bakitéríà wá létí. Kódà, nínú àwọn ìwádìí kéékèèké tí wọ́n ti fún àwọn tó sanra ní kápúsù ìgbẹ́ ẹni tí kò sanra, ìwọ̀n wọn kò dín ju ti àwọn tó gba kápúsù òfìfo lọ. Bí oúnjẹ ṣe pọ̀ tó, oorun, ìrìn àti ohun tí a jogún ṣì ní ipa tó lágbára lórí ìwọ̀n ara.

Ohun tó ń fún mi nírètí ni pé ìwádìí kan ní 2014 fi hàn pé bakitéríà inú ìfun ń yí padà láàárín ọjọ́ mélòó kan tí oúnjẹ bá ti yí. Wọ́n sì máa ń padà sí ti tẹ́lẹ̀ kíákíá tí a bá padà sídìí oúnjẹ àtijọ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa jẹ fáíbà tí kò dín ní gíráàmù 25 lójúmọ́. Ẹ má sáré dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ fi ẹ̀wà tàbí ewébẹ̀ kún oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tó fi kún ti ìgbà kejì, kí ẹ sì máa mu omi dáadáa. Tí inú bá wú, ẹ dín in kù díẹ̀, ẹ má pa á tì. Ẹni tí ìfun rẹ̀ ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀.