Ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ni, kí ló tún ń dá ọmọbìnrin dúró sílé?

Ìjọba ò gba owó ilé-ìwé ní sẹ́kọ́ńdìrì wọn l'Ákùúrẹ́. Síbẹ̀, ọmọbìnrin ń kiri ọjà ní Ọjà Ọba ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Ṣé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ò ṣiṣẹ́ ni?

Ó ṣiṣẹ́ gidi. Ẹ bi àwọn ìyá wa àgbà. Láyé ìgbà tí wọ́n ń san owó ilé-ìwé, bí bàbá bá bí mẹ́rin, tí agbára rẹ̀ ò ju ti ẹni méjì lọ, ọkùnrin ló máa kọ́kọ́ mú. Wọ́n á ní obìnrin ń lọ sílé ọkọ. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, sọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, bàbá ò ní láti ṣa ọmọ lẹ́ṣà mọ́ níbẹ̀. Ó ku sẹ́kọ́ńdìrì, níbi tí owó ti pọ̀ jù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1979 ni Olóyè Adékúnlé Ajásin, tíṣà ọmọ Ọ̀wọ̀, di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí Èkìtì ṣì wà nínú rẹ̀, tó sì mú owó náà kúrò.

Ṣé owó tó kúrò yẹn nìkan ló fà á tí ọmọbìnrin fi pọ̀ sí i nílé-ìwé?

Rárá o. Ọ̀nà jíjìn wà níbẹ̀, àwọn èèyàn kì í sì í rántí rẹ̀. Ilé-ìwé ọmọbìnrin tó lórúkọ, bíi Fìwàṣayé àti St. Louis, ìlú ńlá ni wọ́n wà. Ọmọ abúlé tó bá fẹ́ lọ ní láti wọ bọ́dìn tàbí kó máa gbé lọ́dọ̀ ẹbí. Bàbá wo ló fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méjìlá, máa sùn lábẹ́ òrùlé olórùlé? Nígbà tí ìlú kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í ní Community Grammar School tirẹ̀, ọmọ ń ti ilé lọ, ó ń ti ilé bọ̀. Lójú tèmi, èyí ṣe ọmọbìnrin láǹfààní tó owó tí wọ́n yọ.

Owó kúrò, ilé-ìwé súnmọ́lé. Kí ló wá kù?

Àkókò ọmọ náà ló kù, torí kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn di ọ̀fẹ́. Ẹ wo ọmọ JSS2 tí ìyá rẹ̀ ń din àkàrà. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tó fi ń fa omi kànga. Ó wẹ̀ fún àbúrò, ó gbé ẹ̀wà lọ sí ẹ̀rọ, ó dúró ti ìyá títí oníbàárà fi dín kù. Nígbà tó dé géètì, wọ́n ti tì í. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó pẹ́ dé, wọ́n fún un ní koríko láti gé, ìṣirò sì ti kọjá lọ. Orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ́jístà, wọ́n sì ń kà á mọ́ àwọn tó ń lọ sílé-ìwé. Àmọ́ ẹ̀kọ́ ò wọlé sí i lórí.

Nǹkan oṣù tún ńkọ́? Páàdì ti wọ́n, ṣáláńgá ilé-ìwé mìíràn ò nílẹ̀kùn, kò lómi. Ó dúró sílé lóṣooṣù, tíṣà ọkùnrin ò sì lè bi í léèrè.

Àwọn ọmọkùnrin pẹ̀lú ń fi ilé-ìwé sílẹ̀ o, wọ́n ń lọ gun ọ̀kadà. Ìyẹn náà dùn mí.

Òfin ò ha sọ̀rọ̀?

Ó sọ. Òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti ọdún 2004 sọ ọdún mẹ́sàn-án di ọ̀fẹ́ àti dandan: alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú JSS. Òbí tí ò bá rán ọmọ lọ, ìkìlọ̀ ni lákọ̀ọ́kọ́. Tó bá tún un ṣe, ìtanràn ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. SS ò sí nínú dandan yìí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń parí JSS3, tí wọ́n á mú wọn lọ kọ́ irun ṣíṣe.

Tí ọmọbìnrin bá lóyún ńkọ́?

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 ní kí wọ́n fún un láyè láti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó bá bímọ. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí òbí fúnra rẹ̀ mú un lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, pẹ̀lú ìwé èsì tó gbà kẹ́yìn, kí ìyá àgbà sì bá wọn gba ọmọ ọwọ́ náà títí wọ́n á fi jáde ilé-ìwé. Tí ojú bá ń tì í níbẹ̀, kí wọ́n gba ìwé ìyípadà lọ sí ilé-ìwé ìjọba mìíràn, ṣáájú kí táàmù tó wọlé.